Ẹ Wọn Ilé Yín Kí Ẹ Tó Lọ sí Ọjà Dei-Dei

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a kó dé ilé tí a wà yìí ní Kubwa, Abuja, nǹkan kan wó gbì lóru. Ọkọ mi rò pé olè ni, ó fa igi yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí yàrá ìránṣọ, pẹpẹ òwú mi ni a bá nílẹ̀. Kóònù òwú, síìpù, bọ́tìnnì, àti ìwé tí mo kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, gbogbo rẹ̀ ti fọ́n ká. Mo ṣa ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí káfíńtà fi kan pẹpẹ náà mọ́ ògiri. Wọ́n gùn, wọ́n nípọn, kò sí èyí tó tẹ̀ nínú wọn. Mo wá ti ìka bọ inú ọ̀kan nínú ihò tí wọ́n ti fà yọ. Ìka mi wọlé, kò kan nǹkan kan. Inú ògiri ṣófo.

Aṣọ ni mò ń rán jẹun, ó ti lé ní ogún ọdún. Bí oníbàárà bá kó aṣọ dé, n kì í gbé sísọ́ọ̀sì lé e kí n tó wọn èjìká, àyà, ìbàdí àti apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń sùn sí, n kò wọ̀n ọ́n rí. Ohun tí ọlọ́jà bá gbé fún mi ni mo ń rà. Ohun tí oníṣẹ́ bá ní ó tó, mo gbà pé ó tó. Òru ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ó parí. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, mo ti ra dirílì, mítà kékeré tó ń ka iná, ẹsitẹ́ńṣọ̀n tó nípọn, fáànù onícháàjì, ẹ̀rọ tó ń dáàbò bo fíríìjì, òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn gáàsì, rọ́bà gáàsì tuntun àti àkàbà. Bí mo ṣe rà wọ́n ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tó yẹ kí ẹ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. N kò ní kọ iye owó sílẹ̀, nítorí iye tí wọ́n pe dirílì kan fún mi lọ́jọ́ Ajé kọ́ ni wọ́n pè é ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ilé púpọ̀ níbí, búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ wọn, ti ìnṣì 9 tàbí ti ìnṣì 6. Búlọ́ọ̀kù yìí ní èèpo níwájú, ó ní èèpo lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka tàbí ìdí ọ̀bẹ máa kan ògiri díẹ̀díẹ̀ láti igun kan dé èkejì. Níbi tó bá ti ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń kan kèrègbè, ihò ló wà lẹ́yìn ibẹ̀. Níbi tí ohùn rẹ̀ bá ti ki, tó sì kúrú, òpó kọnkéré ni, tàbí ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù méjì ti pàdé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà sí gbogbo ibi tó ki. Ó gbà mí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan fún yàrá mẹ́ta, àwọn ọmọ sì bá mi ṣe é. Ó tún ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé lórí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ohùn náà ki láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kọnkéré tí wọ́n fi irin sí ló wà níbẹ̀, òun ló gbé búlọ́ọ̀kù òkè dúró. Ibẹ̀ ni kí ẹ rántí bí ẹ bá fẹ́ fi irin kọ́tìnnì.

Tí a bá ti dé orí kọ́tìnnì, ẹ wọn fèrèsé ní ibi mẹ́ta: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Fèrèsé méjì tó jọra lójú mi nínú pálọ̀ yàtọ̀ síra ní sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fi orí rò ó.

Lẹ́yìn ògiri, iná. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rà nínú gbogbo nǹkan tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí ni mítà kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ní ojú dígí, tó ń kọ iye fólítì (V), ìyẹn bí agbára iná ṣe tó, ní ìṣẹ́jú yẹn. Mítà alápá méjì tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò náà wà, mo sì ní ọ̀kan tí mo fi ń yẹ bátìrì àti fíúùsì wò. Ṣùgbọ́n n kò ní rọ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ iná pé kó máa ti irin bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ti onípúlọ́ọ̀gì yìí, ọmọ ọdún méjìlá lè kà á.

Mo fi sílẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń kọ ohun tó bá sọ. Iná tiwa ní Nàìjíríà, 230V ló yẹ kó jẹ́, 50Hz (iye ìgbà tí iná ń yípo ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ní ilé mi, aago 8 alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti tan iná, tí wọ́n ń lọ aṣọ, tí wọ́n ń fa omi, mo ń rí 170, nígbà mìíràn 165. Aago 2 òru, 238. Ìgbà tí mo rí i kọ sílẹ̀ báyìí ni mo wá mọ̀ ìdí tí mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ mi fi ń gbóná tó sì ń rọ tí mo bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Mo ti rò pé ó ti gbó. Mo ti fẹ́ ra òmíràn. Mo sún iṣẹ́ tó gba agbára sí òwúrọ̀, mọ́tò náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Àwo kékeré tó wà ní ìdí ẹ̀rọ

Gbogbo ohun èlò tó ń lo iná ló ní àwo kékeré kan tàbí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, ẹ ka ibẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra bilẹ́ńdà tòkunbọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó wúwo, dígí rẹ̀ nípọn, ọlọ́jà ní ọjà òyìnbó gidi ni, kò sì parọ́. Orí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ahọ́n pẹlẹbẹ méjì, ó wá fún mi ní àdápítọ̀ láti fi kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Mo da ata sí i lọ́jọ́ Sátidé. Ó ké bí ẹni tí wọ́n ta ní ìbọn, èéfín yọ, ó kú pátápátá. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ dé, ó wà níbẹ̀ ketekete: 120V, 60Hz. Ọjà Amẹ́ríkà ni. Àdápítọ̀ ń yí ẹnu púlọ́ọ̀gì padà ni, kì í dín agbára iná kù. Nítorí náà, bí tòkunbọ̀ bá wù yín, ẹ wá 220V, 230V tàbí 240V lára rẹ̀. Èyí tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń bá tiwa mu, àní orí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jọ tiwa. Bí wọ́n bá kọ 100-240V, kò sí ìyọnu, ibikíbi ló ti lè ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ 110V tàbí 120V nìkan, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un.

Ohun kejì tí ẹ máa kà níbẹ̀ ni wáàtì, lẹ́tà W, ìyẹn bí ohun èlò ṣe ń jẹ iná tó. Ìṣirò kan ṣoṣo ni mo ń ṣe, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi. Púlọ́ọ̀gì wa onígun mẹ́ta, 13 ámpù ni fíúùsì inú rẹ̀ máa ń gbé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ámpù ni ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó. Ámpù 13 lọ́nà fólítì 230, yóò fún yín ní wáàtì 2,990. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó bá so mọ́ púlọ́ọ̀gì kan, tàbí mọ́ ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí wáàtì 3,000 lọ tí a bá pa wọ́n pọ̀. Kẹ́tùlù tí mo fi ń se omi jẹ́ 2,200. Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ oníbàárà jẹ́ 1,200. Ẹ pa á pọ̀, 3,400. Ọdún kan gbáko ni mo fi so àwọn méjèèjì mọ́ ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan náà láràárọ̀, mo sì ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ibẹ̀ ń rùn bí rọ́bà tó ń jóná.

Ẹsitẹ́ńṣọ̀n fúnra rẹ̀ nìyẹn o. Iye ihò tó ní kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ wo ara wáyà rẹ̀, wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lẹ́tà kékeré: 3×0.75, 3×1.0, 3×1.25 tàbí 3×1.5. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye okùn tó wà nínú rẹ̀, èkejì ni bí okùn kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó ní mìlímítà onígun mẹ́rin. Ti 0.75, nǹkan bí 6 ámpù ló lè gbé. Ti 1.0, 10 ámpù. Tí ẹ bá fẹ́ kó gbé 13 ámpù láìgbóná, ó kéré tán kó jẹ́ 1.25. Ti 1.5 ni mo rà. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan lára wáyà, n kò rà á. Bí ọlọ́jà bá gbà, ẹ fi abẹ ha orí okùn bàbà inú rẹ̀ díẹ̀. Bàbà gidi máa ń pọ́n títí dé inú. Tí inú rẹ̀ bá funfun, álúmíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà kùn, kò sì lè gbé ohun tí wọ́n ní ó ń gbé. Ẹsitẹ́ńṣọ̀n tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ìkáwàyà, ẹ tú gbogbo wáyà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fi ohun tó wúwo sí i. Ooru máa ń há sínú èyí tó wà ní kíká títí tí yóò fi yọ́.

Wáàtì yìí kan náà ni mítà tó wà lára ògiri ń kà. Yúnìtì kan jẹ́ wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n là kalẹ̀ pé kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, sí náírà 225. Iye náà ń yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò kò yí. Ohun èlò wáàtì 2,000 tó bá ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí ti jẹ yúnìtì kan. Nígbà tí mo bá rí ohun tuntun tó wù mí ní ọjà, mo kọ́kọ́ ń bi ara mi pé wákàtí mélòó ni n ó máa lò ó lọ́sẹ̀. Ìbéèrè yẹn ti dá mi dúró lórí ohun tó ju méjì lọ, títí kan ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ooru Abuja ń gbẹ aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Dirílì

Láti Kubwa, mo wọ ọkọ̀, mo sọ̀ ní Dei-Dei Junction. Ọjà ohun ìkọ́lé ni Dei-Dei: pákó, irin, páànù, táìlì, ọ̀dà, ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tí ilé ń jẹ. Ẹ lọ láàárọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà máa ń lọ kírun, kò sì tọ́ kí ẹ máa kán wọn lójú. Hausa díẹ̀ ń ràn yín lọ́wọ́. Mo máa ń kí wọn, «Ina kwana», kí n tó béèrè, «Nawa ne?» Bí mo bá ná ọjà tí ọlọ́jà sì dáhùn pé «Albarka», ó ti fi ọ̀wọ̀ kọ iye tí mo pè nìyẹn, kí n fi kún un. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì rò pé ó ń ṣàdúrà fún yín pé kí ẹ máa lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìnájà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi dirílì méjì ni wọ́n gbé síwájú mi: èyí tó ń lo bátìrì àti èyí tó ní wáyà. Nínú onibátìrì, wọ́n kọ 18V sára ọ̀kan, 20V sára èkejì. Ọlọ́jà ní ti 20V lágbára jù, nítorí náà owó rẹ̀ ga. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún, ìyẹn bátìrì kéékèèké tí wọ́n so pọ̀, ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bátìrì méjèèjì. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń tó nǹkan bí 4 fólítì nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ó sì ń dúró sí bí 3.6 lẹ́nu iṣẹ́. Márùn-ún lọ́nà 4 ni 20, márùn-ún lọ́nà 3.6 ni 18. Ohun kan náà ni wọ́n fún ní orúkọ méjì. Ohun tó ń sọ bí bátìrì yóò ṣe pẹ́ tó ni nọ́ńbà tó wà níwájú Ah. Ti 4Ah yóò pẹ́ ní ìlọ́po méjì ti 2Ah lórí dirílì kan náà.

Ti oníwáyà ni mo rà, 650W, tó ní àmì òòlù lára, ìyẹn ni pé ó lè máa gbá bó ṣe ń yí, tí ẹnu rẹ̀ ń gba bíìtì, irin tó ń lu ihò, tó tó mìlímítà 13. Ìdí mi ni pé bí ọdún bá yípo, ìgbà mẹ́wàá tàbí méjìlá ni n ó lò ó. Bátìrì tó wà ní àpótí nínú ooru ń gbó, bí a lò ó, bí a kò lò ó. Wáyà kì í gbó bẹ́ẹ̀. Káfíńtà tó ń gun òrùlé lójoojúmọ́, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí iná, onibátìrì ló yẹ òun, bátìrì méjì sì ni kó rà.

Ẹ má san owó láìjẹ́ pé wọ́n tan án lójú yín. Bí kò bá sí iná, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ló ní i. Ẹ fi bíìtì gígùn kan sí ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ wo ṣóńṣó bíìtì náà. Bó bá ń yí lójú kan bí abẹ́rẹ́ tó tọ́, ó dára. Bó bá ń mì, tó ń ya òbírí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ihò tó bá lu yóò máa tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò: ìtàpàrà iná díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ń tàn yí ká pẹ̀lú òórùn, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìyípadà, kí ó yí síwá, kí ó yí sẹ́yìn. Ẹ tì í sí àmì òòlù, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń gbá. Lẹ́yìn náà ni rìsíìtì, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lára dirílì sí i, kì í ṣe «dirílì kan» lásán.

Bíìtì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bìkítà nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ti ògiri ní orí tó fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ, bí ọ̀kọ̀ kékeré. Irin líle mìíràn ni wọ́n fi ṣe orí yẹn. Ti pákó ní ṣóńṣó kan láàárín tó ń mú ojú ibi tí ẹ fi sí. Ti irin rí gbọọrọ, ó dúdú tàbí ó pọ́n bíi góòlù. Ẹ má fi ti pákó lu ògiri, ẹyọ kan péré ló máa pa á.

Bí mo ṣe dá pẹpẹ mi padà nìyí. Mo wá ibi méjì tó ki nínú àwọn ìlà ṣọ́ọ̀kì tí mo fà. Mo rí i dájú pé kò sí síwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì lókè tàbí nísàlẹ̀ wọn, nítorí wáyà inú ògiri sábà máa ń gòkè tààrà láti ojú wọn lọ sí àjà. Ibi tó bá wà ní ìlà tààrà pẹ̀lú síwíìṣì, èèwọ̀ ni lójú mi. Mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú lé ògiri, mo sàmì sí ibi tí sukúrù yóò wọ̀.

Mo ra rọ́bà kékeré tí wọ́n ń pè ní fíṣà, èyí tí wọ́n ń tì bọ ihò kí sukúrù lè dì mú, ti mìlímítà 8, bíìtì náà sì jẹ́ 8. Ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ìrẹ́ sìmẹ́ǹtì ara ògiri mi nípọn tó mìlímítà 15; mo wọ̀n ọ́n nínú ihò tí ìṣó ya sílẹ̀. Fíṣà kò gbọdọ̀ dúró sínú ìrẹ́ yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ wọ inú búlọ́ọ̀kù, torí pé ìrẹ́ ni ìṣó káfíńtà yẹn dì mú, kò dì mọ́ ohunkóhun mìíràn. Nítorí náà mo fi téèpù pupa kan yí bíìtì ká ní ibi tó jẹ́ mìlímítà 65 láti ṣóńṣó rẹ̀, kí n lè mọ ibi tí n ó dúró. Sukúrù tí mo lò, mìlímítà 60.

Mo wọ awò rọ́bà, mo fi ìbòmú dí imú. Ojú òpó kọnkéré, mo tì í sí àmì òòlù, mo sì fi ara tì í díẹ̀. Ojú búlọ́ọ̀kù lásán, ẹ yọ ọ́ kúrò ní àmì òòlù, ẹ jẹ́ kí ó máa yí nìkan. Òòlù máa ń fọ́ èèpo búlọ́ọ̀kù oníhò láti inú, níbi tí ẹ kò lè rí. Lẹ́yìn tí mo lu ihò tán, mo fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ojú yín ló máa padà sí. Fíṣà wọlé ṣinṣin, kò yí lọ́wọ́ mi. Mo de sukúrù. Àbúrò mi ọkùnrin fi ara rọ̀ mọ́ irin tó gbé pẹpẹ náà ró, kò mì.

Ooru, fíríìjì, gáàsì

Fáànù onícháàjì. Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin níbí, tí wọ́n bá mú iná lọ lóru, ọmọdé kì í lè sùn. Gbogbo ọlọ́jà ló máa ń sọ pé tàwọn ń lo wákàtí méjìlá. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lára tèmi, wọ́n kọ bátìrì 12V, 7Ah. 12 lọ́nà 7 jẹ́ 84, ìyẹn iye wáàtì tó lè gbé fún wákàtí kan. Mọ́tò rẹ̀ jẹ́ 15W. Ẹ fi 15 pín 84, kò tilẹ̀ pé wákàtí mẹ́fà, ìyẹn bí ẹ bá fa bátìrì náà gbẹ pátápátá. Bátìrì òjé ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n fa òun gbẹ. Tí ẹ bá ń lò ó dé ìdajì, nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ni lójú eré tó yára, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá rọra ń fẹ́. Mo mọ èyí kí n tó rà á, nítorí náà inú mi dùn sí i. Ẹni tó rà á fún wákàtí méjìlá ló máa bá ọlọ́jà jà. Tí òjò bá dé tí ẹ fẹ́ gbé e pamọ́, ẹ gba iná sí i kó kún, ẹ sì tún máa gba iná sí i lóṣooṣù. Bátìrì òjé tó bá sùn láìní iná nínú, kì í jí mọ́. Ìgbà ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ti fíríìjì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gé iná tó bá kéré jù tàbí tó pọ̀ jù, tó sì ń dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jẹ́ kí iná padà wọlé. Ìdúró yẹn ni ẹ ń rà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, mọ́tò tó ń mú fíríìjì tutù, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣì ń tì í. Bí iná bá padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò máa fa iná láìlè yí.

Gáàsì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Mo ra òṣùwọ̀n tí a ń fi kọ́ nǹkan, irú èyí tí àwọn tó ń wọn ẹrù ń lò. Lára ọrùn sílíńdà yín, wọ́n tẹ nọ́ńbà kan sí irin, ó sábà máa ń ní TW tàbí TARE níwájú. Ìwọ̀n òfìfo sílíńdà náà nìyẹn ní kílò. Bí òfìfo bá jẹ́ 14.2, tí ẹ sì sanwó kílò 12.5, àpapọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 26.7. Mo ń gbé e kọ́ lórí òṣùwọ̀n mi kí n tó kúrò níbi tí wọ́n ti rọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan, ó dín ní ó lé ní kílò kan. Mo fi han ọkùnrin tó rọ ọ́, kò bá mi jiyàn, ó rọ ìyókù kún un.

Rọ́bà gáàsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́ kí ẹ tó rà á. Bó bá ní ibi tó là wẹ́wẹ́, ó ti gbó lórí pẹpẹ ọlọ́jà. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá so ó tán, ẹ po ọṣẹ pẹ̀lú omi, ẹ fi kànìnkànìn pa gbogbo ibi tó ti pàdé, ẹ ṣí sílíńdà. Níbi tí ìfófòó bá ti ń wú, gáàsì ń jáde níbẹ̀. Ẹ má ṣána wò ó láé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Nítorí náà tó bá jò nínú ilé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má tan síwíìṣì, ẹ má sì pa á. Ìta ni mo gbé tèmi sí, mo fi irin yí i ká, rọ́bà gba inú ògiri wọlé. Dirílì yẹn kan náà ni mo fi lu ihò rẹ̀.

Àkàbà: ti pákó tàbí ti fáíbà bí ẹ bá máa fi ṣiṣẹ́ nítòsí iná. Álúmíníọ̀mù fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé iná. Bí ẹ bá fi ara rẹ̀ ti ògiri, fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gíga, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú nísàlẹ̀.

Gbogbo bíìtì mi wà nínú agolo bísíkíìtì kan lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, irin sì ń dípẹtà kíákíá. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń fi àkísà nu eruku sìmẹ́ǹtì kúrò lára wọn, mo ń kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí i, mo ń fi yí wọn lára kí n tó dé agolo náà. Òróró yẹn kan náà ni mo ń kán sí ẹnu dirílì, ẹ̀kán kan péré, kí n sì yí i sọ́tùn-ún sósì kó lè wọ inú rẹ̀.